Ìṣirò Ilé: Owó ìfẹ̀yìntì sójà nígbà tí ìgbéyàwó bá tú ká

Ojú ewé Ìṣirò Ilé tún ti dé. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kà á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ni tiwa: owó orí, owó ilé, owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Èyí tó wà nílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí kò dùn ún sọ, àmọ́ bí a kò bá sọ ọ́, ó máa ń ba nǹkan jẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, àti ọ̀nà tí ilé ẹjọ́ ń gbà pín in bí tọkọtaya bá kọ ara wọn sílẹ̀.

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ló kan Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ sójà Amẹ́ríkà? Ó kàn wá dáadáa. Àwọn ọmọ wa wà nínú iṣẹ́ náà lọ́kùnrin lóbìnrin: nọ́ọ̀sì, mẹkáníìkì, akọ̀wé, oníṣègùn, àlùfáà. Láti 2009 títí di 2016, ìjọba ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní MAVNI, tí wọ́n fi ń gba àwọn àlejò tí kò tíì ní green card síṣẹ́ ológun nítorí ìmọ̀ ìṣègùn wọn tàbí nítorí èdè tí wọ́n gbọ́. Èdè Yorùbá wà lára àwọn èdè náà, pẹ̀lú Haúsá àti Ìgbò. Ẹni tó bá wọlé ní 2009 tí kò sì kúrò, ní 2029 ni yóò pé 20 ọdún. Owó yìí ń bọ̀ nílé ọ̀pọ̀ nínú wa, ó sì ti dé ilé àwọn mìíràn.

Àdúrà wa ni pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilé wa tú. Àmọ́ àwọn àgbà ló sọ pé, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bí ẹ kò bá rántí ohunkóhun mìíràn nínú ohun tí a kọ síbí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ rántí èyí: kì í ṣe iye ọdún tí èèyàn fi wà nílé ọkọ tàbí lọ́dọ̀ aya ló ń fún un ní owó yìí. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìdájọ́ ni. Ohun tí wọn kò bá kọ síbẹ̀, ó ṣòro gan-an láti rí i gbà lẹ́yìn ọ̀la.

Owó wo ni à ń sọ?

Lápapọ̀, sójà tó bá ṣiṣẹ́ fún 20 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń gba owó ìfẹ̀yìntì lóṣooṣù títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó wọṣẹ́ láti oṣù kẹsàn-án 1980 títí kí 2018 tó dé, wọ́n á mú oṣù 36 tí owó oṣù rẹ̀ ga jù, wọ́n á pín in dọ́gba láti mọ èyí tó wà láàárín, wọ́n á wá fún un ní ìdá 2.5 nínú 100 lórí ọdún kọ̀ọ̀kan tó fi ṣiṣẹ́. Ogún ọdún á fún un ní ìdajì owó oṣù náà. Àwọn tó wọlé láti oṣù kìíní 2018 wà lábẹ́ ètò tuntun: ìdá 2 ni wọ́n ń kà fún ọdún kan, ìjọba sì ń bá wọn fi owó kún àpò ìfowópamọ́ tí wọ́n ń pè ní TSP.

Ẹ wo bí owó náà ṣe tó. Ká ní ẹnì kan fẹ̀yìn tì lẹ́ni 40 ọdún, tó ń gba 2,500 dọ́là lóṣù. Lọ́dún kan, 30,000 dọ́là nìyẹn. Bí ó bá gbé ayé títí di ẹni 80 ọdún, ó ti di 1,200,000 dọ́là, a ò tíì ka àfikún tí ìjọba ń ṣe nítorí ọjà tó ń wọ́n. Ilé mélòó nínú wa ló tó iye yẹn? Síbẹ̀, bí ìjà bá dé, orí ilé àti mọ́tò ni tọkọtaya máa ń jà sí. Owó tó tóbi jù nínú ilé, nítorí pé kò sí ní báńkì tí èèyàn lè fojú rí i, wọ́n á gbàgbé rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Báwo ni òfin náà ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 1981, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní McCarty. Dókítà ológun ni ọkọ, California ni wọ́n ti ṣe ẹjọ́ náà. Àwọn adájọ́ ní òfin ìjọba àpapọ̀ kò gba ìpínlẹ̀ kankan láyè láti pín owó ìfẹ̀yìntì sójà bí ohun ìní tọkọtaya. Ti sójà nìkan ni. Ariwo ta. Àwọn ìyàwó tó ti bá ọkọ wọn kó ẹrù láti Texas dé Jámánì, láti Jámánì dé Korea, tí wọn kò lè jókòó síbi kan kí wọ́n ní iṣẹ́ tàbí owó ìfẹ̀yìntì tiwọn, bá ara wọn lọ́wọ́ òfo.

Àwọn aṣòfin kò jẹ́ kó pẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án 1982, òfin tuntun jáde, Uniformed Services Former Spouses' Protection Act ni wọ́n pè é, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì 1983. Ẹ gbọ́ ohun tí òfin yìí sọ dáadáa o. Kò sọ pé kí wọ́n pín owó náà. Kò sọ pé ìdajì jẹ́ ti ìyàwó. Ohun tó sọ ni pé ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ LÈ pín in, bí òfin ìpínlẹ̀ náà bá ṣe rí. Ní Texas àti California, ohun tí tọkọtaya kó jọ nígbà ìgbéyàwó jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Ní Maryland àti Georgia, adájọ́ máa ń wo ohun tó tọ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì lè má jẹ́ ọgbọọgba.

Òfin náà kò sì mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Bí ó bá jẹ́ pé ìyàwó ni sójà, tí ọkọ sì dúró ti àwọn ọmọ nílé, ọ̀nà kan náà ni. Ẹ̀yin ọkùnrin wa tí ojú ń tì láti béèrè, ẹ rántí pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọdún 10 tí gbogbo èèyàn ń sọ

Lẹ́yìn ìpàdé, a máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn. Àwọn kan á ní, "Ìgbéyàwó wọn kò pé ọdún 10, kò ní kọ́bọ̀ níbẹ̀." Àwọn mìíràn á ní, "Ó ti pé ọdún 10, ìdajì ti di tèmi." Irọ́ ni méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò kọ sọ̀wédowó ni ọdún 10. Bí ìgbéyàwó bá pé ọdún 10 ó kéré tán, tí ọdún 10 iṣẹ́ ológun sì wà nínú ìgbéyàwó náà, ọ́fíìsì tó ń sanwó fún àwọn ológun, tí wọ́n ń pè ní DFAS, lè máa fi ìpín aya tàbí ọkọ àtijọ́ ránṣẹ́ sí i tààrà. Bí kò bá pé bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ ṣì lè pín owó náà. Àmọ́ sójà fúnra rẹ̀ ni yóò máa san án lóṣooṣù. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí owó bọ́ sí báńkì fúnra rẹ̀, àti kéèyàn máa fóònù lóṣooṣù kó tó rí i gbà.

Nítorí náà, bí ó bá ku oṣù mẹ́ta kí ọdún 10 pé, ẹ sọ fún lọ́yà kí ìwé tó jáde. Ẹ má sì ṣe gbọ́ ti ẹni tó bá ní ọdún mẹ́fà kò tó nǹkan kan.

DFAS ní ààlà. Kò lè san ju ìdá 50 nínú 100 owó tó ṣeé pín lọ gẹ́gẹ́ bí ìpín ohun ìní. Bí owó ìtọ́jú ọmọ tàbí owó ìtọ́jú aya bá kún un, gbogbo rẹ̀ kò lè ju ìdá 65 lọ.

Ẹ mú pẹ́ńsù

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ máa ń bá wa ṣe ìṣirò ojú ewé yìí, ó yá. Ẹ jẹ́ ká fi Bàbá Ìbejì àti Ìyá Ìbejì ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnikẹ́ni tí ẹ mọ̀ o.

Bàbá Ìbejì wọṣẹ́ ológun ní oṣù kìíní 2000. Ó gbé Ìyá Ìbejì níyàwó ní oṣù kìíní 2008. Ó fẹ̀yìn tì ní oṣù kìíní 2020, wọ́n sì kọ ara wọn sílẹ̀ kété lẹ́yìn náà. Owó oṣù tó wà láàárín oṣù 36 tó ga jù jẹ́ 5,000 dọ́là. Ogún ọdún lọ́nà 2.5 jẹ́ ìdá 50 nínú 100, nítorí náà owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jẹ́ 2,500 dọ́là lóṣù.

Ọ̀pọ̀ ilé ẹjọ́ máa ń ṣírò rẹ̀ báyìí. Oṣù mélòó ni ìgbéyàwó àti iṣẹ́ ológun fi rìn pọ̀? Ọdún 12, ìyẹn oṣù 144. Oṣù mélòó ni gbogbo iṣẹ́ náà? Oṣù 240. Ẹ pín 144 sí ọ̀nà 240: ìdá 60 nínú 100 ni. Ìyẹn ni apá tí wọ́n jọ kó jọ. Ọdún 8 tó ti lò kó tó mọ Ìyá Ìbejì, tirẹ̀ nìkan ni. Ìdajì ìdá 60 jẹ́ ìdá 30. Ìdá 30 nínú 2,500 jẹ́ 750 dọ́là. Ìpín Ìyá Ìbejì lóṣù nìyẹn, kì í ṣe 1,250 tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń sọ fún un.

Ṣé ẹ rí i pé ìṣirò yìí kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan? Ẹni tó ru ìbọn kò pàdánù ọdún tó dá nìkan wà. Ẹni tó fi ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ lọ síbòmíràn kò sì jáde lọ́wọ́ òfo.

Bí sójà bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́? Òfin yí padà ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá 2016. Láti ìgbà yẹn, bí ìkọ̀sílẹ̀ bá ṣáájú ìfẹ̀yìntì, ipò àti iye ọdún tí sójà wà lọ́jọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣírò ìpín ẹnì kejì, bí ẹni pé ọjọ́ náà ló fẹ̀yìn tì, pẹ̀lú àfikún tí ìjọba ń ṣe nítorí ọjà tó ń wọ́n. Bí Bàbá Ìbejì bá jẹ́ sájẹ́ǹtì ọlọ́dún 14 nígbà tí adájọ́ tú wọn ká, tó wá di ọ̀gá ńlá lẹ́yìn ọdún 24, owó sájẹ́ǹtì ọlọ́dún 14 ni ti Ìyá Ìbejì. Ìwé ìdájọ́ sì gbọ́dọ̀ sọ nǹkan méjì: owó oṣù tó wà láàárín oṣù 36 náà lọ́jọ́ ìkọ̀sílẹ̀, àti iye ọdún iṣẹ́. Bí lọ́yà kò bá kọ wọ́n síbẹ̀, DFAS lè dá ìwé náà padà.

Owó ìpalára: ibi tí ọ̀pọ̀ ti fẹsẹ̀ kọ

Sójà tó fara pa tàbí tó gba àìsàn lẹ́nu iṣẹ́ lè gba owó ìpalára lọ́dọ̀ VA. Owó yìí kò ní owó orí. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kó tó gbà á, ó gbọ́dọ̀ yọ iye kan náà kúrò nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Mansell, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ kò lè pín apá tí sójà yọ kúrò bẹ́ẹ̀.

Bí Bàbá Ìbejì bá yọ 500 dọ́là nínú 2,500 rẹ̀ nítorí owó ìpalára, 2,000 ló kù láti pín. Ìdá 30 rẹ̀ jẹ́ 600. Apá Ìyá Ìbejì ti fi 150 dínkù, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè.

Nínú ẹjọ́ Howell ní Arizona, tọkọtaya kọ ara wọn sílẹ̀ ní 1991, ilé ẹjọ́ fún ìyàwó ní ìdajì owó ìfẹ̀yìntì ọkọ tó jẹ́ ọmọ ogun òfurufú. Ní nǹkan bí ọdún 14 lẹ́yìn náà, VA ní ọkọ ní ìpalára. Ìpín ìyàwó fi nǹkan bí 125 dọ́là dínkù lóṣù. Ilé ẹjọ́ Arizona ní kí ọkọ dí i fún un. Ní oṣù karùn-ún 2017, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní rárá, ìpínlẹ̀ kò lè pàṣẹ bẹ́ẹ̀.

A kò sọ èyí láti bú ẹni tó fara pa. Ara rẹ̀ ló fi san án. A sọ ọ́ kí ẹni tó ń kọ ìwé àdéhùn lè mọ̀ pé ìpín yìí lè dínkù lọ́la, kó má baà torí 750 dọ́là fi ilé tó wà lọ́wọ́ sílẹ̀. Àwọn adájọ́ náà sọ nínú ẹjọ́ Howell pé ilé ẹjọ́ lè fi ewu yìí sọ́kàn nígbà tó bá ń pín dúkìá tàbí tó ń wo owó ìtọ́jú aya. Ó sì yẹ ká fi kún un pé láti 2004 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó tí wọ́n yọ padà fún ẹni tó bá ṣe 20 ọdún tí ìpalára rẹ̀ sì tó ìdá 50 nínú 100. CRDP ni wọ́n ń pe ètò náà, owó yìí sì ṣeé pín. Èyí tí wọ́n ń pè ní CRSC, ti ìpalára ojú ogun, kò ṣeé pín.

Bí sójà bá kú ńkọ́?

Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ìpín owó ìfẹ̀yìntì máa ń dópin lọ́jọ́ tí sójà bá kú. Ìyá Ìbejì tó ń gba 750 lóṣù, bí Bàbá Ìbejì bá kú lálẹ́ òní, owó náà ti parí nìyẹn. Ohun tó ń rọ́pò rẹ̀ ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní Survivor Benefit Plan, SBP. Bí wọ́n bá fi gbogbo 2,500 sínú ètò náà, ìdá 55, ìyẹn 1,375 dọ́là, ni ẹni tó kù yóò máa gbà lóṣù. Owó ètò náà jẹ́ ìdá 6.5, ìyẹn 162.50 dọ́là lóṣù, wọ́n sì máa ń yọ ọ́ kí wọ́n tó pín ìyókù. Nítorí náà ìpín Ìyá Ìbejì á bọ́ sí 701.25. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ọdún kan péré ni wọ́n fún yín. Lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀, sójà ní ọdún kan láti fi orúkọ aya tàbí ọkọ àtijọ́ sílẹ̀. Bí ó bá kọ̀ láti ṣe é, tí ilé ẹjọ́ sì ti pàṣẹ pé kó ṣe é, ẹnì kejì lè kọ̀wé sí DFAS fúnra rẹ̀, fọ́ọ̀mù DD 2656-10 ni, láàárín ọdún kan sí ọjọ́ tí àṣẹ náà jáde. Bí ọdún yẹn bá kọjá, ìdájọ́ tó dára jù lọ láyé lè má gbà á mọ́. Ẹ má ṣe rò pé lọ́yà ti fi í ránṣẹ́. Ẹ bi í léèrè. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé náà sọ́wọ́.

Òyìnbó tó ṣe pẹ́ńsù ló ṣe rọ́bà tí a fi ń pa á rẹ́, ṣùgbọ́n a kì í fi pẹ́ńsù kọ ìwé ìdájọ́.

Ìpàdé ẹbí kì í ṣe ilé ẹjọ́

Ibí yìí kan àwa Yorùbá gan-an. Nílé wa, ẹbí lè pàdé, kí àwọn àgbà dá sí i, kí wọ́n dá owó orí padà, kí gbogbo ayé sì gbà pé ìgbéyàwó ti parí. Owó orí ìyàwó ni à ń sọ o, kì í ṣe ti IRS. Ìpàdé yẹn lè mú àlàáfíà wá, a kò sì kó o dànù. Àmọ́ DFAS kò mọ̀ ọ́n. Àṣẹ ilé ẹjọ́ ni wọ́n ń gbà. Ní ti ilé ẹjọ́ ilẹ̀ òkèèrè, òfin náà kò kà á sí àyàfi bí orílẹ̀-èdè náà bá ní àdéhùn pẹ̀lú Amẹ́ríkà pé kí wọ́n máa tẹ̀ lé àṣẹ rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú lọ kọ ara yín sílẹ̀ nílé, ẹ kọ́kọ́ bá lọ́yà ibí sọ̀rọ̀.

Ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà pàápàá, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló lè pín in. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìpínlẹ̀ tí sójà fi ṣe ilé, tàbí ibi tó ń gbé láìjẹ́ pé iṣẹ́ ológun nìkan ló gbé e lọ síbẹ̀, tàbí kí òun fúnra rẹ̀ gbà kí ilé ẹjọ́ náà gbọ́ ọ.

Ọjọ́ ìgbéyàwó ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe mẹ́ta: ìdána nílé, ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, àti kọ́ọ̀tù. Ọdún méjì lè wà láàárín èkíní àti ẹ̀kẹta, ọdún méjì sì lè sọ ọdún 9 di 11. Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé náà, kí lọ́yà lè fi ọjọ́ tó tọ́ sínú ìwé ìdájọ́.

Káàdì ilé ìwòsàn àti owó orí

Bí ìgbéyàwó bá pé 20 ọdún, tí iṣẹ́ ológun pé 20 ọdún, tí méjèèjì sì fi 20 ọdún rìn pọ̀, aya tàbí ọkọ àtijọ́ lè máa bá ètò ìlera TRICARE lọ, kó sì máa rajà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ológun, bí kò bá fẹ́ ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ ọdún 15 sí 20 ni wọ́n fi rìn pọ̀, ọdún kan péré ni ètò ìlera náà. Ẹni tó bá kù díẹ̀ kó pé 20, kó má kánjú buwọ́ lùwé.

Ní ti owó orí, bí DFAS bá ń san ìpín tààrà, ẹnì kọ̀ọ̀kan ni yóò gba fọ́ọ̀mù 1099-R tirẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ni yóò sì san owó orí lórí èyí tó gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ìpín, ẹ má ṣe na gbogbo rẹ̀ tán kí oṣù kẹrin tó dé.

Ẹ̀yin ọmọ wa

Owó ìtọ́jú ọmọ yàtọ̀ sí ìpín owó ìfẹ̀yìntì. Bàbá tó ń san ìpín ìyá kò tíì san ti ọmọ, ìyá tó sì gba ìpín tirẹ̀ kò tíì gba ti ọmọ lọ́wọ́. Káàdì ìlera àwọn ọmọ tí wọ́n jọ bí kì í kú pẹ̀lú ìgbéyàwó: ó ń bá a lọ títí di ọdún 21, tàbí 23 bí ọmọ bá wà ní yunifásítì.

Ẹ̀yin ọmọ gan-an ńkọ́? Bí irú nǹkan yìí bá dé ilé yín, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ẹ kò sì gbọ́dọ̀ di ońṣẹ́ owó. Bí bàbá bá ní, "Lọ sọ fún ìyá rẹ pé kò ní rí kọ́bọ̀," ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wọn sọ ọ́ fúnra yín." Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe jẹ́ kó di pé ọmọ ni yóò kọ́ yín ní èyí.

Kí ẹ tó buwọ́ lùwé

Oníṣirò ni wá, a kì í ṣe lọ́yà. Ẹ wá lọ́yà tó mọ òfin ológun, kì í ṣe èyí tó kàn ń gbé nítòsí. Ẹ bi í ní nǹkan márùn-ún. Ṣé ìwé náà dárúkọ owó ìfẹ̀yìntì, tó sì sọ iye tàbí ìdá rẹ̀? Ṣé ọjọ́ ìgbéyàwó àti iye ọdún iṣẹ́ wà níbẹ̀? Ta ló ń gba SBP, ọjọ́ wo sì ni ọdún kan náà yóò pé? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí owó ìpalára bá dé? Àpò TSP ńkọ́, nítorí pé ìwé ilé ẹjọ́ ọ̀tọ̀ ló ń fẹ́? Lẹ́yìn náà, ẹni tó ń gba ìpín ni yóò fi fọ́ọ̀mù DD 2293 àti ẹ̀dà ìdájọ́ tó ní òǹtẹ̀ ilé ẹjọ́ ránṣẹ́ sí DFAS. Wọn kò ní wá a wá.

Ẹ̀yin sójà wa náà, ìwé tó yé kooro dáàbò bò yín. Ẹni tó mọ iye tí òun máa san kò ní máa lọ kọ́ọ̀tù lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì ní máa yan ẹgbẹ́ níbi ìgbéyàwó tiwọn.

Ẹ gé ojú ewé yìí, ẹ fi í sínú fáìlì pẹ̀lú ìwé ìgbéyàwó yín. Ọlọ́run má jẹ́ ká lò ó. Àmọ́ bí ẹni tí ẹ mọ̀ bá nílò rẹ̀, ẹ fún un kó tó buwọ́ lùwé, kó má baà jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ó di ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀. Ire o.